"Sístẹ́ẹ̀mù Ò Gbà Á": Ta Ló Ń Ṣe Ìpinnu, Kọ̀ǹpútà àbí Èèyàn?

Kò sẹ́ni tó ti bá báńkì tàbí ọ́fíìsì ìjọba da nǹkan pọ̀ láyé ìsinyìí tí ò tíì gbọ́ ọ rí: "sístẹ́ẹ̀mù ò gbà á." Ẹ lọ tọrọ lóònù, ọmọ tó jókòó síwájú yín tẹ nǹkan díẹ̀, ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó ní ẹ má bínú, sístẹ́ẹ̀mù ò gbà á. Kí ló dé? Òun náà ò mọ̀. Ẹ ní kẹ́ ẹ rí mánéjà, mánéjà wo ojú kọ̀ǹpútà kan náà, ohun kan náà ló sọ, ẹ wá jáde síta, ó sì ń ṣe yín bíi pé ẹ̀rọ yẹn fúnra ẹ̀ ló jókòó, tó yẹ ọ̀rọ̀ yín wò, tó wá pinnu pé ẹ ò ṣeé yá lówó.

Ọ̀rọ̀ yìí ń ká mi lára gan-an, torí mo rí i pé bí wọ́n bá ti dárúkọ kọ̀ǹpútà báyìí, ẹnu àwọn èèyàn wa á wọhò, wọn ò ní béèrè nǹkan kan mọ́. Bẹ́ẹ̀ kò sí ìpinnu kankan tí kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ ń gbé jáde tí èèyàn kan ò ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ sílẹ̀ dè yín. Ẹnì kan ló sọ irú àkọsílẹ̀ tí wọ́n máa wò, ẹnì kan ló sọ bí wọ́n ṣe máa ṣírò ẹ̀, ẹnì kan ló sọ iye tí máàkì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n tó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìpinnu yẹn ti wà nílẹ̀ bóyá láti ọdún tó kọjá, ní ọ́fíìsì kan tẹ́ ẹ ò dé rí, lọ́wọ́ àwọn èèyàn tó ní orúkọ, tí wọ́n ní ọ̀gá, tí wọ́n sì ń gbowó oṣù. Tẹ́ ẹ bá ti mọ ibi tí ìpinnu náà wà, ẹ máa mọ ẹni tẹ́ ẹ máa bi.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya nǹkan sọ́tọ̀, torí orúkọ kan ṣoṣo yìí, sístẹ́ẹ̀mù, la fi ń pe oríṣiríṣi nǹkan. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni èyí tó kàn ń kọ nǹkan sílẹ̀: ẹ fi káàdì sanwó nídìí POS, ó kọ ọ́ pé iye báyìí ti jáde, ó parí, kò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn. Òmíràn wà tó ń ṣe ripọ́ọ̀tù, tí oṣù bá ti parí ó máa kó gbogbo àkọsílẹ̀ yẹn jọ, á ní ẹ̀ka Ìkẹjà ta báyìí, ti Abẹ́òkúta ta báyìí. Òmíràn sì wà tó ń bá ọ̀gá ronú, òun ló máa sọ pé tẹ́ ẹ bá ṣe báyìí, ohun tó ṣeé ṣe kó tẹ̀yìn ẹ̀ yọ rèé, tẹ́ ẹ bá sì gba ọ̀nà kejì, ohun tó máa ná yín rèé, ẹ mú èyí tó wù yín. Èyí tó kẹ́yìn kì í dúró de ẹnì kankan ní tiẹ̀, ó rí i pé máàkì yín ò tó, ó kọ̀, ó fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ sí yín láàárọ̀ kùtù kí òṣìṣẹ́ kankan tó dé ibi iṣẹ́.

Ibi tí ìdàrúdàpọ̀ wà ni àárín agbaninímọ̀ràn àti aláṣẹ yẹn, torí ojú kan náà ni wọ́n ní. Ẹ̀rọ kan náà lè jẹ́ agbaninímọ̀ràn ní báńkì kan kó sì jẹ́ aláṣẹ ní ìkejì, ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ò sí nínú ẹ̀rọ rárá, bóyá èèyàn lẹ́nu láti sọ pé "rárá, ẹ̀rọ yìí ò rí ọ̀rọ̀ yìí dáadáa" ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ó sì tún lè bẹ̀rẹ̀ bí agbaninímọ̀ràn kó di aláṣẹ láìsí ẹni tó kéde ẹ̀, màá padà sórí ìyẹn torí òun gan-an ló ń dà wá láàmú.

Èrò yìí ti pẹ́ nílẹ̀ ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò lọ. Ní 1960, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Herbert Simon (òun ló gba Nobel ti ètò ọrọ̀ ajé ní 1978) sọ pé ìpinnu inú iléeṣẹ́ pín sí méjì. Ọ̀kan wà tó ti di àṣà, tó ní ìlànà tí wọ́n lè kọ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, bíi ṣíṣírò owó oṣù òṣìṣẹ́. Ìkejì ò ní ojú ọ̀nà kankan, bíi kí iléeṣẹ́ fẹ́ mọ ẹni tí wọ́n máa fi ṣe ọ̀gá àgbà. Nígbà tó di 1971, àwọn méjì ní yunifásítì MIT l'Amẹ́ríkà, Gorry àti Scott Morton, wá tọ́ka sí èyí tó wà láàárín, ìyẹn ìpinnu tí apá kan nínú ẹ̀ ṣeé ṣírò tí apá kejì sì gba làákàyè èèyàn. Níbo ká ṣí ẹ̀ka tuntun sí? Èló ká yá àwọn àgbẹ̀ lọ́dún yìí? Wọ́n ní ibẹ̀ gan-an ni kọ̀ǹpútà ti lè ran ọ̀gá lọ́wọ́, kó gba iṣẹ́ ìṣirò lọ́wọ́ ẹ̀ kí òun lè ráyè gbájú mọ́ apá tó gba làákàyè. Ìrànlọ́wọ́ ni wọ́n pè é. Látìgbà yẹn sì nìyí o, ẹ̀rọ tó ń ran olùpinnu lọ́wọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà dá lé lórí, wọn ò pè é ní ẹ̀rọ tó ń gbapò olùpinnu.

Kí ló wá wà níkùn ẹ̀? Nǹkan mẹ́ta péré: àkọsílẹ̀, ìṣirò, àti ojú tí èèyàn fi ń bá a sọ̀rọ̀. Ká mú un sórí ọjà kó lè yé wa. Ká ní ẹnì kan ní kẹ́mísì n'Íbàdàn, ọ̀kan ní Bódìjà, ọ̀kan ní Mọ́kọ́lá, ọ̀kan ní Dùgbẹ̀. Oògùn ibà kan wà tí ti Bódìjà ń tà ní páálí 20 lójúmọ́, tó bá sì ránṣẹ́ sí alágbàtà l'Ékòó, ọjọ́ márùn-ún ló máa ń gbà kí ọjà tó wọlé. Ó hàn nígbà náà pé kò lè dúró kó tán kó tó ránṣẹ́, torí láàárín ọjọ́ márùn-ún yẹn, 20 lọ́nà 5, páálí 100 làwọn èèyàn á ti wá béèrè. Nítorí náà tó bá ti ku 100 nílẹ̀ ó yẹ kó ti pè. Àmọ́ gbogbo wa la mọ ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, ọkọ̀ lè dẹnu kọlẹ̀, gosiló lè mú un sùn sọ́nà, ó wá fi 40 lé e kí ọkàn ẹ̀ lè balẹ̀. 140 ni sístẹ́ẹ̀mù á máa ṣọ́ báyìí, tó bá ti kù 140, á tan iná pupa sójú kọ̀ǹpútà pé ọ̀gá, oògùn ibà ń tán lọ.

Ẹ wò ó dáadáa. 5 àti 20 ti inú àkọsílẹ̀ wá. Ìsọdipúpọ̀ àti ìròpọ̀ yẹn ni ìṣirò. Ta ló fi 40 síbẹ̀? Kò sí àkọsílẹ̀ tó bí i, èèyàn ló mú un wá, ohun tí ọ̀gá yẹn ń bẹ̀rù àti ohun tó lè fara dà ló wà nínú ẹ̀. Tó bá sọ ọ́ di 80, owó á há sórí igbá, oògùn lè kọjá déètì ẹ̀ kó di pé wọ́n á dà á nù. Tó bá sọ ọ́ di 10, ọjọ́ tí ọkọ̀ bá pẹ́ dé, ìyá tí ara ọmọ ẹ̀ ń gbóná á dé ìdí káńtà wọ́n á ní kò sí. Tí páálí kan bá jẹ́ ₦2,000, kó tó kúrò ní 40 bọ́ sí 80, ₦80,000 á lọ jókòó sórí ṣẹ́ẹ́fù láìṣiṣẹ́ kankan. Ẹ̀rọ lè fi gbogbo èyí hàn án kí ojú tó ṣẹ́, èyí tó máa fara mọ́ nínú méjèèjì kù sọ́wọ́ ẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni 20 yẹn náà ò mọ́ tónítóní bẹ́ ẹ ṣe rò. Gbogbo ọdún la kó pa pọ̀ tá a pín in dọ́gba kó tó di 20. Nígbà òjò tí ẹ̀fọn gbòde, ó lè jẹ́ 35 lójúmọ́, nígbà ọyẹ́ kó má ju 8 lọ. Ẹni tó bá fi 20 ṣọ́jà lóṣù keje, ọjà máa tán mọ́ ọn lọ́wọ́, kọ̀ǹpútà ẹ̀ á sì máa sọ pé kò séwu. Ẹ fi ọ̀rọ̀ pínpín dọ́gba yìí sọ́kàn, torí ó ti ba ayé ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́ ní orílẹ̀-èdè kan, mò ń bọ̀ níbẹ̀.

"Tí mo bá yí iye yìí padà ńkọ́, kí ló máa ṣẹlẹ̀?" Ìbéèrè yìí ni ọkàn gbogbo nǹkan wọ̀nyí. Nígbà kan, ìwé fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ ni àwọn oníṣirò máa ń tẹ́, tí wọ́n bá yí iye kan padà wọ́n á tún gbogbo ìlà tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ ṣe pẹ̀lú ìrésà lọ́wọ́. Ní 1979 ni Dan Bricklin tó ń kàwé ní Harvard Business School àti ọ̀rẹ́ ẹ̀ Bob Frankston gbé VisiCalc jáde fún kọ̀ǹpútà Apple II, tẹ́ ẹ bá ti yí iye kan, gbogbo èyí tó kù á yí fúnra wọn. Àwọn oníṣòwò rà á wìtìwìtì, ọ̀pọ̀ ló sì tìtorí ẹ̀ ra kọ̀ǹpútà. Excel tẹ́ ẹ̀ ń lò lónìí, ìdílé kan náà ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jókòó rí tẹ́ ẹ fi Excel wò ó pé tí ẹ bá fowó lé ọjà, ṣé ẹ ṣì máa jèrè, ẹ ti lo sístẹ́ẹ̀mù ìpinnu nìyẹn, ẹ má jẹ́ kí ẹnì kankan fi orúkọ ńlá dẹ́rù bà yín.

Irú Excel yẹn ni oríṣi kan. Oríṣi kejì ni èyí tó ní ìmọ̀ àwọn àgbà iṣẹ́ nínú. Èyí tó gbajúmọ̀ jù ni MYCIN, tí Edward Shortliffe àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ṣe ní Stanford, ní California, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Iṣẹ́ ẹ̀ ni pé kó bá dókítà wá irú kòkòrò tó wọnú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn àti oògùn tó lè pa á, nígbà tó yá wọ́n fi àrùn yírunyírun kún un. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n jókòó ti àwọn dókítà tó mọ̀ ọ́n dunjú, wọ́n ní ẹ sọ fún wa bẹ́ ẹ ṣe ń ronú, wọ́n wá kọ ọ́ sílẹ̀ ní òfin lẹ́yọ lẹ́yọ, ọgọ́rùn-ún mélòó kan ni. Irú òfin bẹ́ẹ̀ á ní: tí kòkòrò yìí bá gba àwọ̀ báyìí nígbà àyẹ̀wò, tó bá rí gbọọrọ bí ọ̀pá, tó sì jẹ́ irú èyí tí ò nílò afẹ́fẹ́ láti gbé, a jẹ́ pé ó ṣeé ṣe, ká ní 0.6 nínú 1, kó jẹ́ bacteroides. Ẹ rí i pé kò sọ pé "bacteroides ni, ó parí." Ó sọ bí ó ṣe dá a lójú tó.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nípa MYCIN ni pé dókítà lè dá a dúró láàárín ọ̀nà. Tó bá béèrè nǹkan lọ́wọ́ dókítà, dókítà lè tẹ̀ "WHY" padà sí i, ìyẹn "kí nìdí tó o fi ń bi mí?", á sì gbé òfin tó ń tẹ̀ lé jáde ní gbangba pé nítorí èyí ni. Ẹ̀rọ àádọ́ta ọdún sẹ́yìn o! Ó lè sọ ìdí ọ̀rọ̀ ẹ̀, bẹ́ẹ̀ sístẹ́ẹ̀mù tó kọ lóònù yín lónìí ò lè sọ fún ọmọ báńkì tó jókòó tì í ìdí tó fi kọ̀. Ní 1979 wọ́n gbé ìdánwò kan jáde: wọ́n mú aláìsàn yírunyírun mẹ́wàá, wọ́n ní kí MYCIN àtàwọn dókítà onímọ̀ ní Stanford sọ oògùn tí wọ́n máa lò, àwọn àgbà mẹ́jọ tí wọn ò mọ èyí tó jẹ́ ti ẹ̀rọ wá gbà á lẹ́jọ́. Wọ́n fara mọ́ ti MYCIN ní ìdá 65 nínú 100, nígbà tí tàwọn dókítà onímọ̀ yẹn wà láàárín 42.5 sí 62.5.

Pẹ̀lú ẹ̀ náà, wọn ò fi MYCIN tọ́jú aláìsàn lójoojúmọ́ rí. Ó ń pẹ́ kí wọ́n tó tẹ gbogbo ìdáhùn sínú ẹ̀, kọ̀ǹpútà ò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì aláìsàn nígbà yẹn, kò sì sẹ́ni tó lè dáhùn ìbéèrè tó le jù: tó bá ṣìnà, tí aláìsàn kú, ta ni wọ́n máa mú? Ìbéèrè yẹn ò tíì kúrò nílẹ̀ dòní.

Oríṣi mìíràn ni èyí tó ń wá ọ̀nà tó dára jù nínú ọ̀nà tó pọ̀ rẹpẹtẹ, èyí ò ní pẹ́ lẹ́nu mi. Tí awakọ̀ kan bá ní ilé mẹ́wàá péré tó fẹ́ já ẹrù sí, ọ̀nà tó lè gbà tò wọ́n tẹ̀ léra jẹ́ 3,628,800. Mẹ́wàá péré o, bẹ́ẹ̀ awakọ̀ UPS, iléeṣẹ́ tó ń já ẹrù káàkiri ní Amẹ́ríkà, máa ń dé ibi tó ju ọgọ́rùn-ún lọ lójúmọ́. UPS ṣe sístẹ́ẹ̀mù tí wọ́n ń pè ní ORION fún un, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tàn án ká ní 2013, iléeṣẹ́ náà sọ pé máìlì tó tó 100 mílíọ̀nù lọ́dún ló ń bá wọn dín kù. Kò sí ọpọlọ èèyàn tó lè ṣe ìṣirò yẹn. Àmọ́ awakọ̀ tó ti ń gba àdúgbò kan fún ogún ọdún mọ̀ pé oníṣọ́ọ̀bù yìí kì í ṣílẹ̀kùn kó tó di aago mẹ́wàá, ajá wà ní ilé yẹn, kò sì sí ìyẹn nínú máàpù.

Ó wá kan èyí tó kan wá jù, lóònù. Ní Nàìjíríà, CBN fún àwọn iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú ìtàn gbèsè àwọn èèyàn níwèé àṣẹ, CRC, FirstCentral àti CreditRegistry, àwọn báńkì sì ń fi àkọsílẹ̀ lóònù ránṣẹ́ sí wọn. Láti 2014 tí BVN ti dé, nọ́ńbà onídíjíìtì 11 yẹn ló so gbogbo àkáǹtì yín pọ̀, ẹ lè jẹ gbèsè ní báńkì kan kí báńkì kejì rí i. Tẹ́ ẹ bá tọrọ lóònù lórí fóònù, nọ́ńbà yẹn ni wọ́n fi ń wá yín.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe máàkì rèé. Wọ́n á kó àkọsílẹ̀ àwọn tó ti yáwó tẹ́lẹ̀ jọ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún, àwọn tó san àtàwọn tí ò san, wọ́n á ní kí kọ̀ǹpútà wo ohun tó jọra láàárín àwọn tó san. Ṣé owó oṣù wọn ń wọlé lọ́jọ́ kan náà? Ṣé wọ́n ti yáwó níbi mẹ́rin láàárín oṣù kan? Ṣé wọ́n ti pẹ́ san rí? Kọ̀ǹpútà á wá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tiẹ̀, á ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, máàkì á jáde. Ní Amẹ́ríkà, máàkì FICO tó bẹ̀rẹ̀ ní 1989 ló gbajúmọ̀ jù, 300 sí 850 ni. Títí dé ibí yìí, ìṣirò ni, kò tíì sí ìpinnu kankan.

Ìpinnu dé nígbà tí ẹnì kan sọ pé ẹni tí ò bá ní 650, ẹ má yá a. Ká ní nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tí máàkì wọn wà láàárín 600 sí 650, àwọn 88 máa san gbèsè wọn pé pérépéré, àwọn 12 máa sá lọ. Ẹni tó fi òdiwọ̀n sí 650 ti lé olóòótọ́ 88 lọ kó lè bọ́ lọ́wọ́ àwọn 12. Ó lè jẹ́ pé báńkì yẹn ò lágbára láti gba àdánù àwọn 12, ó lè jẹ́ pé ẹ̀rù ló ń bà wọ́n, èyí ó wù kó jẹ́, èèyàn ló yàn án. Ohun tó wá burú níbẹ̀ ni pé àṣìṣe yìí ò ní hàn láéláé. Àwọn 12 tí wọ́n bá yá tí wọ́n sì sá lọ, wọ́n á kọ orúkọ wọn sílẹ̀, wọ́n á ka iye tí wọ́n jẹ. Àwọn 88 tí wọ́n lé lọ ò ráyè fi hàn pé àwọn á san, wọn ò sí nínú àkọsílẹ̀ kankan, tí wọ́n bá sì tún fi àkọsílẹ̀ yẹn kọ́ kọ̀ǹpútà lẹ́kọ̀ọ́ lọ́dún tó ń bọ̀, kò ní mọ̀ pé wọ́n wà láyé.

Àwọn ìyá wa lọ́jà ńkọ́? Obìnrin tó ti ń dá àjọ láti nǹkan bí ogún ọdún tí ò já ẹgbẹ́ kulẹ̀ rí, tó gba ẹ̀sùsú kọ́lé, tí àwọn alágbàtà ń gbé ọjà fún láìgba kọ́bọ̀ torí wọ́n mọ̀ ọ́n sí olóòótọ́, gbogbo ìyẹn ò sí nínú kọ̀ǹpútà báńkì kankan. Òfìfo ni sístẹ́ẹ̀mù rí níwájú orúkọ ẹ̀. Òfìfo yẹn ní í kà sí ewu, bẹ́ẹ̀ gbogbo ẹni tó wà ní Ọjà Ọba lè ṣe onígbọ̀wọ́ fún un.

Mo sọ pé màá padà sórí bí agbaninímọ̀ràn ṣe ń di aláṣẹ. Ẹ fi ara yín sípò ọmọ báńkì yẹn. Sístẹ́ẹ̀mù ní kó kọ̀, òun wò ó, ó mọ̀ pé ẹni yìí dáa, ìlànà báńkì sì lè gbà á láyè láti fọwọ́ sí i. Tó bá fọwọ́ sí i tí ẹni náà sì sá lọ, orúkọ ẹ̀ ló wà lórí ẹ̀, wọ́n á pè é wá ṣàlàyé ìdí tó fi ta ko sístẹ́ẹ̀mù. Tó bá tẹ̀ lé sístẹ́ẹ̀mù, kò sí ẹni tó máa bi í láéláé, kódà kó jẹ́ pé olóòótọ́ ọgọ́rùn-ún ló lé lọ lọ́sẹ̀ yẹn. Kí lẹ rò pé ó máa ṣe? Kò tíì pé ọdún kan tí gbogbo wọn á ti máa tẹ̀ lé ohun tó bá wà lójú kọ̀ǹpútà, ìwé ìlànà ṣì máa sọ pé "ìmọ̀ràn ni", àmọ́ níbi iṣẹ́ ó ti di àṣẹ. Ọ̀gá tó bá fẹ́ kí ẹ̀rọ ẹ̀ máa jẹ́ agbaninímọ̀ràn nìkan gbọ́dọ̀ máa bi àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ nípa èyí tí wọ́n tẹ̀ lé gan-an bó ṣe ń bi wọ́n nípa èyí tí wọ́n ta kò, kò sí ọ̀nà míì.

Orílẹ̀-èdè tí mo ní mò ń bọ̀ níbẹ̀ ni Ọsirélíà. Ìjọba ibẹ̀ máa ń fún ẹni tí ò níṣẹ́ lówó ìrànwọ́, lọ́sẹ̀ méjì méjì, ẹni náà á sì sọ iye tó rí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn. Láti 2015 ni wọ́n ti gbé ètò kan dìde tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Robodebt, láti gba owó padà lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ní wọ́n gbà ju iye tó yẹ lọ. Sístẹ́ẹ̀mù mú iye tí èèyàn rí lọ́dún láti ọ́fíìsì owó orí, ó pín in sí 26 dọ́gba-dọ́gba, ó wá fi wé ohun tí ẹni náà sọ.

Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Ọmọkùnrin kan ò níṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà, ó gba ìrànwọ́, ó sọ òótọ́ pé òun ò rí kọ́bọ̀. Oṣù mẹ́fà tó tẹ̀ lé e ó ríṣẹ́, kò gba ìrànwọ́ mọ́, iṣẹ́ náà san $26,000 fún un. Sístẹ́ẹ̀mù pín 26,000 sí 26, ó ní $1,000 lo ń rí ní gbogbo ọ̀sẹ̀ méjì méjì láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, o purọ́ fún wa nígbà tó o ní o ò rí nǹkan kan, san owó wa padà. Oògùn ibà oṣù keje yẹn gẹ́lẹ́ ni. Tẹ́lẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba á wo irú ọ̀rọ̀ báyìí, á pe iléeṣẹ́ tó gbà á síṣẹ́, á béèrè ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Nínú ètò tuntun, wọ́n yọ òṣìṣẹ́ kúrò, wọ́n ní kí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn wá ìwé owó oṣù tó gbà lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn jáde, kó fi gba ara ẹ̀ là. Lẹ́tà gbèsè lọ bá ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún èèyàn tí wọn ò jẹ ẹnikẹ́ni, àwọn ọ̀dọ́ kan para wọn, àwọn ìyá wọn sì wá jẹ́rìí ní gbangba.

Ní November 2019, ilé ẹjọ́ àpapọ̀ sọ nínú ẹjọ́ tí obìnrin kan tó ń jẹ́ Deanna Amato pè pé gbèsè tí wọ́n ṣe lọ́nà bẹ́ẹ̀ ò bófin mu. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ìjọba ní àwọn máa dá $721 mílíọ̀nù owó Ọsirélíà padà. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Catherine Holmes darí gbé àbọ̀ wọn jáde ní July 2023, ó hàn síta pé láti 2014, kí ètò náà tó bẹ̀rẹ̀ rárá, àwọn agbẹjọ́rò inú iléeṣẹ́ ìjọba ti kìlọ̀ pé pínpín dọ́gba yìí ò bá òfin mu. Àwọn èèyàn gbọ́ ìkìlọ̀, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́. Gbogbo bí wọ́n ṣe ń pe ètò náà ní robot yìí, kò sí robot kankan tó jókòó sípàdé níbi tí wọ́n ti ní kí wọ́n máa bá a lọ. Nẹ́dálándì náà ní tiẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi ẹ̀sùn jìbìtì kan ẹgbẹẹgbẹ̀rún òbí tó ń gba owó ìtọ́jú ọmọ, tí sístẹ́ẹ̀mù sì ń fura sí ẹni tí kì í ṣe ọmọ onílẹ̀, ìjọba Mark Rutte kọ̀wé fipò sílẹ̀ lórí ẹ̀ ní January 2021.

Nílé níbí, òfin ti wà. Òfin ààbò dátà tí wọ́n buwọ́ lù ní June 2023, abala 37 ẹ̀ sọ pé ẹ ní ẹ̀tọ́ kí wọ́n má fi ẹ̀rọ nìkan ṣe ìpinnu tó lè nípa ńlá lórí yín láìsí ọwọ́ èèyàn níbẹ̀. Ó yọ àwọn ibì kan sílẹ̀, bí àpẹẹrẹ tẹ́ ẹ bá ti fọwọ́ sí i fúnra yín (ìdí nìyí tó fi yẹ kẹ́ ẹ máa ka ohun tẹ́ ẹ̀ ń tẹ "I agree" sí lórí áàpù lóònù), síbẹ̀ náà ó ní kí iléeṣẹ́ jẹ́ kẹ́ ẹ rí èèyàn bá sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ rò tẹnu yín, kẹ́ ẹ sì lè ta ko ìpinnu náà.

Nítorí náà tí wọ́n bá tún ní sístẹ́ẹ̀mù ò gbà á, ẹ má bá ọmọ tó jókòó síbẹ̀ jà, kì í ṣe òun ló fi òdiwọ̀n síbẹ̀. Ẹ fi sùúrù béèrè pé àkọsílẹ̀ wo ni wọ́n wò, ìgbà wo ni wọ́n tún un ṣe gbẹ̀yìn, ta ló láṣẹ láti tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, kí wọ́n sì fún yín ní ìdáhùn lórí ìwé tàbí lórí ímeèlì. Lẹ́yìn náà ẹ béèrè fún àkọsílẹ̀ gbèsè yín lọ́wọ́ àwọn iléeṣẹ́ tí mo dárúkọ lókè, òfin 2017 lórí ọ̀rọ̀ àkọsílẹ̀ gbèsè fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti rí i àti láti ta ko èyí tí ò bá rí bó ṣe yẹ. Ohun tẹ́ ẹ kọ́kọ́ máa wò ni lóònù tẹ́ ẹ ti san tán tó ṣì ń hàn bíi gbèsè. Tẹ́ ẹ bá rí irú ẹ̀, ẹ lọ gba lẹ́tà lọ́wọ́ ẹni tó yá yín lówó pé ẹ ò jẹ nǹkan kan mọ́, ẹ ní kó fi àtúnṣe ránṣẹ́, kẹ́ ẹ sì fi ẹ̀dà lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ fúnra yín, torí ọwọ́ ẹni tó yá yín lówó ni wọ́n ti gba èyí tó wà lọ́dọ̀ wọn.